Fáìlì kan náà, àmì ẹgbẹ́ ló ń yàtọ̀

Iṣẹ́ pósítà ni mò ń ṣe l'Adó-Èkìtì níbí, pósítà, bánà, káàdì ìpè, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, ohunkóhun tí ẹ bá ṣáà fẹ́ kí orí yín àti orúkọ yín wà lára ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀, mo ti tẹ̀wé fún pásítọ̀, mo ti tẹ̀ fún ọba, àmọ́ tí ìbò bá ti sún mọ́lé báyìí, àwọn olóṣèlú ló máa ń gba gbogbo ọ̀sán àti òru wa, jẹnẹrétọ̀ ò ní sinmi, èmi náà ò ní sinmi. Mo wá ní fódà kan nínú kọ̀ǹpútà tí mo kó gbogbo wọn sí, inú fódà yẹn ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀ nípa òṣèlú. Ẹ ṣí fáìlì ẹnì kan, ẹ máa rí i tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ambúrẹ́là PDP. Ẹ ṣí èyí tó tẹ̀lé e, fótò kan náà, agbádá kan náà, eyín kan náà, ìgbálẹ̀ APC ló wà lókè báyìí. Ẹ sún síwájú díẹ̀ sí i, ẹṣin funfun SDP ti dé.

Bó ṣe máa ń rí ni pé ọmọ kan á wọlé lálẹ́, á mú fíláṣì dání, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe é ní nǹkan kan. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá ní kí ẹ bá wa yọ ambúrẹ́là yẹn kúrò." Màá ní ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́, èyí tó sọ pé ìgbà ọ̀tun dé fún aráàlú. Á wò ó. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ó ṣì bá a mu." Ìgbà kan wà tí fìlà tí ọkùnrin náà dé nínú fótò ní àwọ̀ ẹgbẹ́ tó ń fi sílẹ̀ lára, wọn ò ráyè ya fótò mìíràn, mo wá jókòó ti kọ̀ǹpútà di ìdájí, mò ń fi máọ̀sì kun fìlà, àwọ̀ pupa kan ò fẹ́ kúrò létí fìlà níbi tó ti kan irun, tí mo bá nù ún, irun baba a máa lọ pẹ̀lú ẹ̀. Nígbà tó yá mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Pósítà yẹn wà lára ògiri gbogbo láti Ìjìgbò dé Baṣírì, kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Àwọn ọmọ tó ń lẹ̀ ẹ́ gan-an, pósítà ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n ń lẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, korobá gọ́ọ̀mù kan náà.

Owó wọn ńkọ́? Ẹgbẹ́ méjèèjì ló jẹ mí, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wọlé ò san torí pé ó ti wọlé, ẹni tí kò wọlé ò san torí pé kò wọlé.

Àmọ́ kì í ṣe torí gbèsè ni mo ṣe ń kọ èyí o, gbèsè wà lára iṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa táa wà nísàlẹ̀ la máa ń mú ìjà yẹn ní tòótọ́. Ilé òṣèlú ni wọ́n bí mi sí, bàámi jẹ́ UPN dé egungun, kò sí ohun tí ẹ lè sọ nípa Awólọ́wọ̀ lójú ẹ̀ tí kò ní dìde lórí àga. Òun ló sọ ti 1983 fún mi. Akin Omoboriowo, ọmọ Ìjerò níbí, igbákejì Baba Ajasin tó jẹ́ gómìnà Oǹdó ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ o, ẹgbẹ́ kan náà, ìjọba kan náà, wọ́n jọ wọlé ní 1979 ni. Ìjà dé láàárín wọn nínú ilé, ó bá bọ́ sínú NPN, ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń bú lórí pèpéle ní ànà. Ìgbà tó di August 1983, FEDECO, àjọ elétò ìbò ìgbà yẹn, kéde pé òun ló wọlé gómìnà Oǹdó (Èkìtì ṣì wà lára Oǹdó nígbà yẹn, 1996 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wá), ìlú bá gbaná. Wọ́n sun ilé, wọ́n pa èèyàn. Ilé ẹ̀gbọ́n bàámi wà lára èyí tó jóná, òun fúnra ẹ̀ ò sì ṣe ẹgbẹ́ kankan, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe NPN, wọ́n rí ọ̀rẹ́ náà tó máa ń wá jẹun níbẹ̀. Kóòtù padà dá ipò náà fún Ajasin, àmọ́ kí ọdún ọ̀hún tó parí, 31 December, sójà ti gba ìjọba, UPN àti NPN jọ wọlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àlàpà ilé ẹ̀gbọ́n bàámi ṣì wà níbẹ̀ títí tí mo fi dàgbà, a máa ń lọ ká ìbẹ́pẹ nínú ẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìjà gómìnà àti igbákejì ẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ méjì kọ́ ló jà, ọ̀gá méjì nínú ẹgbẹ́ kan ni, ọ̀kan ló kàn lọ yá fìlà ẹgbẹ́ kejì dé.

Tèmi náà wá dé nígbà tí mo gbọ́n. Babangida ló dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀ fúnra ẹ̀ ní 1989, SDP tó ní ẹṣin àti NRC tó ní ẹyẹ idì, ó ní ọ̀kan á fì díẹ̀ sápá òsì, ìkejì á fì díẹ̀ sápá ọ̀tún, ìjọba ló kọ ìwé ètò wọn fún wọn, ìjọba ló kọ́ ofíìsì fún wọn láwọn ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwa ọmọdé pín ara wa sí méjì ní kíláàsì, à ń gbá ara wa létí nítorí ẹṣin àti ẹyẹ. 12 June 1993 dé, àwọn èèyàn dìbò fún Abíọ́lá ti SDP, 23 June wọ́n fagi lé e, nígbà tó fi máa di November Abacha ti tú ẹgbẹ́ méjèèjì ká bí ẹni tú àgọ́ ìnáwó. Ta ló wá di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Abacha? Kingibe, ẹni tí Abíọ́lá fà kalẹ̀ pé kó ṣe igbákejì òun. Bàámi gbọ́ ọ lórí rédíò, kò sọ nǹkan kan, ó kàn pa rédíò náà.

Ó yẹ kí gbogbo ilé wa ti gbọ́n látìgbà yẹn, àmọ́ ẹ ẹ̀ mọ òṣèlú, ó máa ń wọni lára. Ọ̀rọ̀ màámi ni mo fẹ́ sọ dáadáa.

Màámi àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan jọ ń ta èlùbọ́ lọ́jà ni, ìsọ̀ wọn fara kanra, wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ ọ̀nà iléèwé. Tí ọ̀kan ò bá wá, ìkejì á tà á fún un, á ka owó ẹ̀ lọ́tọ̀. Ìbò gómìnà 2007 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ṣẹ́gun Òní ti PDP ni wọ́n kéde, Fayemi ti AC ní òun lòun wọlé, ó gba kóòtù lọ, kóòtù ní kí wọ́n tún ìbò dì láwọn wọ́ọ̀dù kan, ìyẹn ni 25 April 2009. Màámi ń tẹ̀lé Fayemi, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀lé Òní torí pé ìyá tiẹ̀ ti apá Ìdó-Òsì wá, níbi tí Òní náà ti wá. Ẹni tó bá wà l'Èkìtì nígbà yẹn á rántí, èsì ìbò Ìdó-Òsì di wàhálà, Màmá Ayọ̀ka Adébáyọ̀ tó jẹ́ kọmíṣọ́nà INEC, àjọ elétò ìbò, l'Èkìtì kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́, pé ẹ̀rí ọkàn òun gẹ́gẹ́ bíi Kristẹni ò gbà á, gbogbo ayé pariwo, ìgbà tó yá wọ́n ní ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì kéde Òní. Láàárín gbogbo ẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà kan bọ́ aṣọ òkè ara wọn sílẹ̀, wọ́n gba títì lọ l'Adó, ohun tí a kì í rí nílẹ̀ yìí àfi tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ẹnu. Màámi wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ kan lọ́jà nípa ọmú àgbàlagbà, mi ò lè tún un sọ níbí, gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa ọ̀rẹ́ wọn. Màámi kó igbá ẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláta, ibi tí kò ti sẹ́ni tó ń wá èlùbọ́.

October 2010, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn n'Ílọrin gbé e fún Fayemi. A jó. Mo tẹ pósítà ọ̀fẹ́.

Ní 2014, Ṣẹ́gun Òní wọ inú APC. Ẹgbẹ́ Fayemi o, torí pé ACN, ìyẹn AC tẹ́lẹ̀, ti darapọ̀ mọ́ àwọn yòókù di APC lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n tún fi jẹ igbákejì alága àpapọ̀ ẹgbẹ́ náà fún gúúsù. Mo rí fótò àwọn méjèèjì níbi ìpàdé ẹgbẹ́ kan, mo gbé fóònù lọ fún màámi. Ó gba gíláàsì ẹ̀, ó wò ó, ó ní kí n jẹ́ kí ó tóbi sí i, ó tún wò ó. Ó ní, "Ẹ̀rọ tíẹ yìí lo fi ṣe é." Mo ní rárá, Màámi, kì í ṣe èmi. Ó ní ṣé iṣẹ́ mi kọ́ ni kí n máa fi orí èèyàn sórí ọrùn ẹlòmíì ni, kí n yé fi òun ṣẹ̀sín. Mi ò bá a jiyàn. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ọ lórí rédíò, kò sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ láé.

Ìtàn ọ̀hún ò tíì tán, torí pé ní 2018 Òní àti Fayemi tún jọ du tíkẹ́ẹ̀tì APC, Òní pàdánù, wọ́n tún gba kóòtù lọ, ní 2020 ó padà sí PDP, ní 2022 ó wọ SDP ó fi ẹṣin jáde gómìnà. Mi ò bú u o, olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ àtiṣe ẹgbẹ́ tó wù ú, àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn ti jà, wọ́n ti parí ẹ̀, wọ́n tún ti jà, gbogbo ìyẹn wọ́n ṣe é láàárín ara wọn pẹ̀lú agbẹjọ́rò àti tíì. Màámi àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò ní agbẹjọ́rò. Nígbà tí ìyá yẹn kú, èmi ni àwọn ọmọ ẹ̀ gbé ìwé ètò ìsìnkú fún láti tẹ̀. Màámi ní kí n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Òun ò lọ síbi ìsìnkú náà.

Ti Fáyọ̀ṣé, ti PDP, ni ẹ máa retí kí n sọ, torí pé tó bá di ti eré, Èkìtì ò tíì rí irú ẹ̀. 21 June 2014 ó na Fayemi ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16, 203,090 sí 120,433, ẹni tó wà lórí àga ló nà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá láti ibi gbogbo wá ṣàlàyé stomach infrastructure, ìyẹn oúnjẹ pípín fún aráàlú, fún wa, àwa tó ń jẹ ìrẹsì ọ̀hún. Gómìnà dúró sẹ́bàá títì ó jẹ bọ̀ọ̀lì, ó ra pọ̀ǹmọ́, fóònù gbé e, gbogbo Nàìjíríà rí i. November ọdún yẹn, àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ 7 nínú 26 jókòó, wọ́n ní àwọn ti yọ olórí ilé, àwọn 19 yòókù wà níta ìlú. July 2018, ó wọ kọ́là tí wọ́n fi ń di ọrùn tó ń dun èèyàn, ó ń sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n pé ọlọ́pàá ti lu òun. Ẹgbẹ́ kejì náà ò gbẹ́yìn, ìbò yẹn la ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "dìbò, sebẹ̀", ìyẹn fífi owó ra ìbò, Fayemi padà wọlé pẹ̀lú 197,459 sí 178,121 tí igbákejì Fáyọ̀ṣé ní. Mo gbádùn gbogbo ẹ̀, mi ò ní parọ́, ṣọ́ọ̀bù mi di ibi àríyànjiyàn, àwọn èèyàn á wá láìní nǹkan í tẹ̀, wọ́n á jókòó lórí páálí bébà, wọ́n á máa pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọkọ àbúrò mi ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Tíṣà ni. Lásìkò kan tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ń falẹ̀, oṣù ń gorí oṣù, ó wá yá owó lọ́wọ́ mi, mo fún un. Kàkà kó máa lọ sílé ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi pé gbèsè tí ẹgbẹ́ tó lọ fi sílẹ̀ ló fà á, pé ọ̀gá òun ń gbìyànjú. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó jẹ́ tíṣà bíi tiẹ̀, tí wọ́n jọ jẹ lówó iye oṣù kan náà, wà níbẹ̀, òun ń sọ pé irọ́ ni, ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè báyìí ló ná an. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Owó tí mo yá a ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ níbi tó ti ń na ọwọ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lójú. Mo wá bi wọ́n pé, gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń jà yìí, ta ni nínú yín ló ti lọ bi wọ́n ní iye tó wọlé láti Abuja lóṣù tó kọjá. Àwọn méjèèjì wò mí bí ẹni pé mo sọ èdè Hausa.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń wá ohun tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kì í jà lé lórí, mo sì rí i pé ibẹ̀ ni ìjọba wà gan-an. Ẹ wo owó ìjọba ìbílẹ̀. Òfin 1999, abala 162, ló ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa gba inú àkáǹtì kan tí òun àti ìpínlẹ̀ jọ ní, ọwọ́ gómìnà ló sì máa ń wà. PDP ṣe é bẹ́ẹ̀, ACN ṣe é bẹ́ẹ̀, APC ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò sí lórí oyè á pariwo ẹ̀, tó bá débẹ̀ á dákẹ́. Ní July 2024 ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Abuja ní kí owó náà máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ lọ bi alága tiyín bóyá ó ti débẹ̀. Ẹ wo ìbò ìjọba ìbílẹ̀ fúnra ẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń yan àwọn tó ń ṣètò ẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá wà lórí oyè ló máa ń gbá gbogbo ẹ̀ lọ, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tí APC wà náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbi tí PDP wà. Ẹ wo owó ààbò tí àwọn gómìnà ń gbà tí wọn kì í ṣírò fún ẹnikẹ́ni, mi ò tíì tẹ pósítà kan rí tó sọ pé tí ẹ bá dìbò fún mi màá ṣírò owó ààbò. Ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, PDP wà l'Abuja ó bàjẹ́, APC gbà á ó ń bàjẹ́ lọ, ọdún lórí ọdún, ẹgbẹ́ méjèèjì sì gba orí ẹ̀ lọ ṣe kàǹpéènì l'Àkúrẹ́, ọkọ̀ wọn jọ há sínú kòtò kan náà.

L'Abuja bẹ́ẹ̀ náà ni. Atiku ti wà ní PDP, ó lọ AC, ó padà sí PDP, ó lọ APC, ó padà sí PDP, ní 2025 ó tún jáde lọ sí ADC. Okowa tó bá a jáde gẹ́gẹ́ bí igbákejì ní 2023 láti na APC, April 2025 ó ti wà nínú APC. Àwọn tó fi ẹ̀mí wọn dì í mú fún un ní 2023, tí wọ́n bá ẹbí wọn jà lórí WhatsApp, ṣé ó ránṣẹ́ sí wọn kó tó lọ ni?

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé ẹgbẹ́ kẹta la nílò. Ó ṣeé ṣe. Mo rí agbára wọn ní 2023, ó wú mi lórí, mo rí àwọn ọmọ tó fi owó ara wọn tẹ fíláyà, wọ́n san owó mi pé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àmọ́ tí ẹgbẹ́ kẹta náà bá dé tó jẹ́ pé owó pínpín àti àtẹ́wọ́ kan náà ni, kí la ṣe? Láàárín ọdún kan, Labour Party tiwọn ti ní alága méjì tó ń lé ara wọn ní kóòtù. Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe é o.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ni àwọn tí kò wá. Nígbà ìbò gómìnà June 2022 tí Oyebanji ti APC wọlé, orúkọ tó lé ní 980,000 ló wà nínú ìwé INEC l'Èkìtì. Àwọn tó dìbò ò pé 370,000. Oyebanji ní 187,057, Òní tẹ̀lé e pẹ̀lú 82,211, PDP ṣe ìkẹta. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan jà lórí ta ló na ta, àwọn tó jókòó sílé sì pọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Gbogbo èèyàn ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Mo mọ púpọ̀ nínú wọn, wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, àwọn kan lọ sóko lọ́jọ́ yẹn.

Mo ń dìbò, mo ṣì ń tẹ pósítà fún ẹgbẹ́ tó bá wá, owó ṣáájú iṣẹ́ ni báyìí. Ìyàtọ̀ tó wà ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àdúgbò wa ní afárá kékeré kan tí omi ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, òjò gbé e lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ gbé pátákó síbẹ̀ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, orí alága wà lára pátákó náà, ó tóbi ju afárá lọ. Mo mọ̀ torí pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Pátákó dé, oṣù ń lọ, kò sí yanrìn, kò sí sìmẹ́ńtì. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ṣe ìpàdé, ó sì di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, àwọn kan ní tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tàwọn ni ìbá ti parí, àwọn kan ní ẹgbẹ́ yín ṣe èwo. Mo ní kí a kọ̀wé. Òfin wà tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, 2011 ni wọ́n ṣe é l'Abuja, Èkìtì sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣe tiwọn, ìyẹn gan-an mo gbóríyìn fún wọn. Ti Abuja ní ọjọ́ méje ni kí wọ́n fi dá èèyàn lóhùn. A ò bú ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà, ìbéèrè mẹ́ta péré: èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún afárá yìí, èló ni wọ́n ti san, ta ni wọ́n san án fún.

Kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Àmọ́ nígbà tó yá, ọkọ̀ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, olórí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní wọ́ọ̀dù wa ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo ń retí ẹ̀. Ẹni tí mi ò retí ni ẹni tó gba ilẹ̀kùn kejì jáde, olórí ẹgbẹ́ alátakò wọ́ọ̀dù kan náà. Àwọn méjèèjì yìí, tí ọmọ wọn ò lè kí ara wọn ní gbangba nígbà ìbò. Wọ́n jọ jókòó, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ ra mínírà.

"Pírìntà," èyí tó jẹ́ ti ìjọba sọ, "kí ni wàhálà? Àbí ẹnì kan ló rán yín?"

Mo ní rárá, sà, afárá ni.

"Ẹ ò bá ti wá rí wa nílé. Ìwé kíkọ yẹn, ó máa ń jẹ́ kó dà bíi pé èèyàn ò fẹ́ràn ara wọn."

Mo yíjú sí alátakò. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń bú wọn lórí rédíò láràárọ̀ Mọ́ńdè, ṣé ẹ̀yin náà ò fẹ́ mọ iye tí wọ́n ná ni? Ó mu mínírà ẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Àbúrò," ó ní, "ìyẹn ò kan ti ẹgbẹ́."

Ó sọ òótọ́. Mi ò tíì gbọ́ kí olóṣèlú kan sọ òótọ́ tó tó bẹ́ẹ̀ níṣojú mi rí. Gbogbo ohun tí mo ti ń wá nínú fódà mi láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ó fi gbólóhùn kan sọ ọ́ fún mi, ó tún fi mínírà mi sọ ọ́. Wọ́n dìde, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n wọ ọkọ̀ kan náà lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, yanrìn dé, tírípù kan. Ó ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé ti ń kó o ṣeré. A ti kọ ìwé kejì, èyí máa lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀dà ẹ̀ á lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, a ò fi orúkọ ẹgbẹ́ kankan síbẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta àgbàdo lójú ọ̀nà ti fọwọ́ sí i, vulcanizer ti fọwọ́ sí i, ìmáàmù ti fọwọ́ sí i, ọkọ àbúrò mi àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ tíṣà fọwọ́ sí i lórí ìlà kan náà, wọ́n sì tún ń bá àríyànjiyàn wọn lọ bí wọ́n ṣe ń jáde. Sátidé ló ń lọ. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa tí kò tíì fọwọ́ sí i, ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sì mú bírò yín dání, àwọn tó wá tẹ pósítà ti kó gbogbo tèmi lọ.